Ibi Tí Táyà Lè Gbà ní Olúpọ̀nnà

Ìjà àkọ́kọ́ tí kẹ̀kẹ́ tí àbúrò mi fi ń ti ọmọ rẹ̀ dá sílẹ̀, gáréèjì Ìwó Road n'Ìbàdàn ló ti ṣẹlẹ̀. Dírẹ́bà mọ́tò Ìwó ní ẹrù ni, kí a san owó ẹrù. Àgbèrò ní irọ́ ni, pé àga ni, pé ẹni tó bá gbé àga wọ mọ́tò ti gba àyè èèyàn kan, owó èèyàn kan ni yóò sì san. Àbúrò mi obìnrin gbé ọmọ rẹ̀ sáyà, ó ń wo ẹnu àwọn méjèèjì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tẹ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lára rẹ̀, kẹ̀kẹ́ náà sì pa pọ̀ bí agboòrùn. Gbogbo gáréèjì pariwo. "Àǹtí, ẹ tún un ṣe ká rí i!" Mo ṣí i, mo tún pa á. Ìyá kan tó ń ta omi inú ọ̀rá sọ garawa rẹ̀ kalẹ̀ kó lè wò ó dáadáa. Nígbà tí ìran parí, dírẹ́bà fúnra rẹ̀ ló gbé e sínú búùtù, sáàárín páálí bísíkíìtì àti àpò sìmẹ́ǹtì, ó sì gba ìdajì owó ẹrù lọ́wọ́ wa.

Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni àbúrò mi ti gbé e wá. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gba ẹ̀bí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì tíì padà bọ̀ sípò. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kó má tíì máa pọn ohun tó bá wúwo. Ọmọ oṣù mẹ́fà tó ń mu ọmú yó kì í ṣe ohun fúyẹ́. Ìdí nìyẹn tí kẹ̀kẹ́ fi bá wa wálé. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá wa ni à ń lọ, ní Olúpọ̀nnà. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn lọ sí Èkó mọ́, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ fọwọ́ ara àwọn gbé ọmọ yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Láti Èkó dé Ìbàdàn, ọkọ̀ ojú irin la wọ̀, láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágómèjì dé Mọ́níyà. Ojú irin tuntun yìí, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021, gùn tó kìlómítà 157. Ilẹ̀ inú ibùdókọ̀ náà tẹ́jú, táyà ń yí geere, ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni tó bá tẹjú mọ́ ọn. Nǹkan dẹ̀rọ̀. Ní Mọ́níyà ni ayé ti yí padà: Máíkírà tí èèyàn mẹ́ta há mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ní orí itan mi, ọmọ ní orí itan ìyá rẹ̀, títí a fi dé Ìwó Road níbi tí ìjà yẹn ti ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà Ìwó gba Ọlọ́dọ̀, Ìyànà Ọ̀fà, Lálúpọn àti Èjìokú kọjá. Ọmọ sùn láti Lálúpọn. N'Ìwó, ìlú odídẹrẹ́ àti àwọn àáfà, a bọ́ sílẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá, kò sì pẹ́ tí a fi dé Olúpọ̀nnà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ayédire ni Olúpọ̀nnà wà, èyí tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ilé Ogbó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn, Ìwó ni yóò kọ́kọ́ dé kí ó tó rí i.

Ìyá àgbà ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀. Wọ́n gba ọmọ, wọ́n kí i, wọ́n kì í, wọ́n sunkún díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí a gbé sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, wọn kò bojú wò ó.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó bojú wò ó. A fẹ́ lọ kí àbúrò wọn obìnrin ní òdìkejì ọjà, ọ̀nà tí mo máa ń rìn ní kékeré láì pẹ́ lọ́nà. Àbúrò mi ṣí kẹ̀kẹ́, ó gbé ọmọ sí i, ó dè é ní bẹ́líìtì. Ni ìyá àgbà bá ní, "Kí lẹ fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe? Ẹ̀yin méjì tí ẹ ní ẹ̀yìn?" Àbúrò mi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n wò mí. "Ìwọ ńkọ́?" Mo ní ẹ jẹ́ ká dán an wò ná, ìyá.

A kò tíì kúrò ní ẹnu ọ̀nà tí a ti dúró. Gọ́tà kan wà láàárín agbo ilé wa àti títì. Pákó méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ òsì. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni mo ti ń gba orí pákó wọ̀nyẹn kọjá, wọn kò sì já mi kulẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín wọn gba táyà iwájú kẹ̀kẹ́ ọmọ wọlé pátápátá, torí táyà náà kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. A gbé kẹ̀kẹ́ kọjá tọmọtọmọ, èmi níwájú, àbúrò mi lẹ́yìn, ó ń fi eyín gé ètè nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a ti bọ́ sí òdìkejì, yanrìn ló pàdé wa. Lẹ́yìn yanrìn, òkúta. Lẹ́yìn òkúta, ibi tí ọ̀gbàrá òjò ti gbẹ́ ojú ọ̀nà títí tó fi di kòtò gígùn, tí àwọn ọlọ́kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i. Àwọn ọmọdé ti yí wa ká. Wọ́n fẹ́ tì í, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n tì í dáadáa pẹ̀lú. Ìrànlọ́wọ́ wọn ló gbé wa dé ibi ọlọ́tà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ nǹkan. Ibẹ̀ ni táyà ọ̀tún ti rì, ọmọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Ìyá kan tó ń din àkàrà lẹ́bàá ibẹ̀ nu ọwọ́ rẹ̀, kò bi wá léèrè ohunkóhun. Ó tú bẹ́líìtì, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó fa ìró rẹ̀ yí i ká, ó bọ́ gèlè tó wé sórí, ó fi í dè é bí ọ̀já. Kí epo orí iná tó tún hó, ọmọ ti sùn. Ìyá náà padà sídìí àkàrà rẹ̀, ó ń fi ìkọ́ yí i padà, orí ọmọ ń mì lẹ́yìn rẹ̀.

Mo fẹ́ràn ọ̀já. Ọmọ mẹ́ta ni mo fi pọ̀n, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé nǹkan mìíràn dára jù ú lọ fún ọmọ tí ara rẹ̀ kò balẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì ní Kánádà, Hunziker àti Barr, tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 1986: wọ́n ní kí àwọn ìyá kan fi kún wákàtí tí wọ́n ń gbé ọmọ mọ́ra lóòjọ́, kódà nígbà tí ọmọ kò ké. Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, igbe wọn fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn ọmọ yòókù. Ìyá alákàrà yìí kò nílò ìwádìí. Ará Amẹ́ríkà kan pẹ̀lú, Ann Moore, nọ́ọ̀sì tó wá ṣiṣẹ́ ní Tógò lẹ́yìnkùlé wa níhìn-ín ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, rí bí ọkàn àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe balẹ̀ lẹ́yìn ìyá wọn. Nígbà tó padà sílé tó bímọ tirẹ̀, òun àti ìyá rẹ̀ rán ohun tí wọ́n lè fi máa gbé e. Wọ́n pè é ní Snugli, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1969. Àwọn àpò ìgbọ́mọ tó kún ìgboro Lọ́ńdọ̀nù àti New York lónìí, ẹ̀yìn ìyá ọmọ ní Tógò wà lára ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe pé mo fẹ́ ká kó ọ̀já dànù ká ra kẹ̀kẹ́. Ohun tó ń dùn mí yàtọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kì í mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìyá tó pọ̀n ọ́n mọ̀. Bí mo ti dúró níbi ọlọ́tà, mo rí obìnrin kan tó pọn ọmọ, tó ru abọ́ ẹ̀gẹ́, tó tún fa ọmọ mìíràn lọ́wọ́, tó ń bọ́ sínú kòtò ọ̀gbàrá yẹn tó sì ń gun òdìkejì rẹ̀. Kò sí ẹni tó pariwo. Kò sí ẹni tó ní kí á wá ṣe ọ̀nà. Ẹ̀yìn obìnrin náà ti bá wa ṣe é. Ibi gbogbo tí ọ̀nà ti bàjẹ́ ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀yìn ìyá ló ń san owó rẹ̀, a ò sì mọ̀ pé gbèsè wà nílẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ èèyàn lè fo ohun tí táyà kò lè fò. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé táyà kékeré mẹ́rin sórí ọ̀nà náà ni ẹ óò tó rí i bó ṣe rí.

Ẹnì kan wà ní Olúpọ̀nnà tó ti ń rí i bẹ́ẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀. Òun ló pè wá láti ìdí tábìlì tó ti ń tún fóònù àti rédíò ṣe. "Àǹtí, ẹ má gba ibẹ̀ yẹn. Ẹ ò ní lè jáde." Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ló mú un ní kékeré, ṣáájú kí abẹ́rẹ́ àjẹsára tó kárí. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń gùn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú àrùn náà tí wọ́n ń pè ní wild polio ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà àti káàkiri Áfíríkà. Àwọn tí ó ti mú kí ọjọ́ náà tó dé ṣì wà láàárín wa, wọ́n ṣì ń wá ibi tí wọn yóò gbà.

A gba ọmọ lẹ́yìn ìyá alákàrà, a tẹ́ ẹ sínú kẹ̀kẹ́, ó ṣì ń sùn. Ọkùnrin náà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣíwájú wa. Ó ní kí a tẹ̀ lé òun. Ọ̀nà tó gbà, èmi tí wọ́n bí sí ìlú yìí kò gbà á rí. Ó yà sẹ́yìn mọ́sálásí, ó gba inú agbo ilé kan tí wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ àgbàlá rẹ̀, ó kí wọn nílé láì dúró, wọ́n dá a lóhùn láì gbójú sókè. Ó kọjá lẹ́bàá kànga, ó tún yọ sí ẹ̀yìn ilé ọlọ́tà. Gọ́tà wà níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kọnkéré tó fẹ̀ dáadáa ló bò ó. Mo béèrè ẹni tó ṣe é. Ó ní ọlọ́tà ni, nítorí àwọn ọmọ oníbárò tó ń kó àpò àgbàdo wá fún un.

"Ẹ wò ó, Àǹtí," ó ní, "ibi tí bárò bá gbà lèmi ń gbà. Ibi tí ọjà ò bá dé, èmi ò lè dé ibẹ̀."

Gbogbo ìrìn wa tó kù, ohun tó sọ yẹn ni mo ń wò. Òótọ́ ló sọ. Ibi tí ẹnì kan ti ń rí owó lórí táyà, iwájú ilé ọlọ́tà, iwájú oní-bíláòkù, iwájú ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti tẹ́jú tí gọ́tà sì ní ìdérí. Níwájú ilé ìwé, pákó ni. Níwájú ilé tí àgbàlagbà mẹ́ta ń gbé, tí ọ̀kan nínú wọn ń fi ọ̀pá rìn, kò tilẹ̀ sí pákó. Àpò àgbàdo ní ọ̀nà tó dán ju ti ìyá arúgbó lọ.

Ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ ì bá ti dé lójú ẹsẹ̀, a pẹ́ kí a tó dé e, nítorí yíyípo. Ọ̀dọ̀ ìyá kékeré ni a ti jókòó, a jẹ iyán, ọmọ jí, ọ̀rẹ́ wa tuntun yìí sì ń bi àbúrò mi léèrè nípa Lọ́ńdọ̀nù. Kò béèrè owó oṣù, kò béèrè yìnyín. Báwo ni ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀? Àbúrò mi sọ fún un pé ilẹ̀ bọ́ọ̀sì náà lọ sílẹ̀, pé pákó irin kan máa ń yọ jáde láti ẹnu ọ̀nà, pé àyè kan wà ní àárín fún kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, àyè yẹn náà sì ni àwọn ìyá ọlọ́mọ máa ń lò bí kò bá sí ẹni tó ni ín nínú ọkọ̀. Bí onítọ̀hún bá wọlé, ìyá ọmọ yóò pa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ̀, yóò gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Bí ìyá ọmọ ò bá gbà ńkọ́?"

Ìbéèrè yìí gan-an ló dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kejì ọdún 2012, Doug Paulley, tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì láti Wetherby lọ sí Leeds. Ìyá kan ti gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ sí àyè náà, ọmọ ń sùn nínú rẹ̀. Dírẹ́bà bẹ̀ ẹ́ kó sún, ìyá náà ní kẹ̀kẹ́ òun kò ṣe é pa pọ̀. Paulley sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ náà, FirstGroup, lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì ń lọ títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017. Ìdájọ́ náà ni pé kò tó kí dírẹ́bà kàn bẹ̀bẹ̀ kó sì gbé ọkọ̀ lọ. Ó yẹ kó tẹnu mọ́ ọn, bí ó bá sì tọ́, kó dá ọkọ̀ dúró díẹ̀ títí ojú yóò fi ti ẹni tó kọ̀.

Mo tún sọ fún un pé àyè yẹn kò ṣàdédé wà. Àwọn aláìlèrìn ló jà fún un. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n jáde sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, àwọn kan nínú wọn sì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ara wọn mọ́ bọ́ọ̀sì tí wọn kò lè wọ̀, kí ó má lè lọ. Òfin jáde ní 1995. Kí ọdún 2005 tó parí, bọ́ọ̀sì èrò Lọ́ńdọ̀nù, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba àwọn ògbólógbòó tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìrántí, ti di èyí tí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn lè wọ̀. Gbogbo ìyá tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ wọ bọ́ọ̀sì ní Peckham lónìí, títí kan àbúrò mi, oko tí wọ́n ro ni wọ́n ń kórè.

Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Wọ́n so ara wọn mọ́ mọ́tò," ó ní. "Wọ́n káre."

Òun ló wá sọ fún wa, láì wo ìwé kankan, pé òfin ti wà nílẹ̀ yìí náà. Orí rédíò kan tó ń tún ṣe ló ti gbọ́ ọ. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí i: kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò fi ojú ẹ̀gàn wo abirùn, wọ́n sì fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà pé ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ó ní ọ́fíìsì kan wà tí òun máa ń lọ fún ìwé, tí akọ̀wé ibẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí tó máa ń jáde wá bá òun lábẹ́ igi. "Inúure ni," ó ní, "ṣùgbọ́n èmi náà fẹ́ wọlé kí n jókòó sórí àga."

Kẹ̀kẹ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ti rìn jìnnà. Ní 1733, William Kent kan ló ṣe ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹran ọ̀sìn kékeré ni wọ́n sì fẹ́ kó máa fà á. (Àwọn ewúrẹ́ Olúpọ̀nnà ì bá ríṣẹ́ ṣe.) Ó wúwo, ti olówó sì ni fún ìgbà pípẹ́. Owen Maclaren, ẹni tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú ogun Spitfire, ló fi irin fúyẹ́ ṣe èyí tó ń pa pọ̀, ní 1965, lẹ́yìn tó rí i bí ọmọbìnrin rẹ̀ ṣe ń gbé kẹ̀kẹ́ wúwo kiri. Bàbá rí ìyà ọmọ rẹ̀, ó ṣe nǹkan sí i. Ohun tó wù mí nínú ìtàn yẹn ni pé kò sọ fún un pé kí ẹ̀yìn rẹ̀ gbà á.

Lálẹ́, ọ̀rọ̀ gọ́tà wọ inú agbo ilé wa. Àbúrò bàbá wa ní kí wọ́n fi pákó kẹta kún méjì tó wà níbẹ̀, àlàfo á sì dí, pé ọmọ kò ní pẹ́ rìn. Ìyá àgbà, tí wọn kò fẹ́ rí kẹ̀kẹ́ náà sójú lánàá, ni wọ́n dáhùn. Wọ́n ní àwọn kò tíì bọ́ sí títì láti ọdún tó kọjá. Gbogbo wa yíjú sí wọn. Wọ́n ní pákó yẹn ń mì, òòyì ń kọ́ àwọn, àwọn kò sì fẹ́ máa yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé kó wá di àwọn lọ́wọ́ mú. Kò sí ẹni tó mọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí a rò pé wọ́n fẹ́ràn láti máa jókòó sí, ibẹ̀ ni gọ́tà há wọn mọ́.

A kò sùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì àbúrò mi ra sìmẹ́ǹtì, èmi ra irin, àbúrò bàbá wa wá bíríkìlà. Bíríkìlà fẹ́ wọn gọ́tà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ti na téèpù rẹ̀ láti táyà dé táyà. Mo ní kó dúró. A ránṣẹ́ pe ọkùnrin onífóònù, ó wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ dé, bíríkìlà sì wọn ìyẹn, nítorí òun ló fẹ̀ jù. Ó fi ẹsẹ̀ bàtà kan kún un ní ọ̀tún àti ní òsì. Ọkùnrin náà wo àmì tí wọ́n fi ẹfun fà sílẹ̀, ó ní ẹnu rẹ̀ ga jù, kí wọ́n rẹ́ ẹ kó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bọ́ sórí títì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òjò àkọ́kọ́ yóò gbẹ́ ìdí rẹ̀, àtẹ̀gùn ni yóò sì dà. Wọ́n bá a jiyàn. Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bíríkìlà rẹ́ ẹ.

Nígbà tí wọ́n da kọnkéré tán, bíríkìlà bu omi wọ́n ọn, ó fi àpò sìmẹ́ǹtì òfìfo bò ó, ó sì kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kò gbọdọ̀ sí ẹsẹ̀ tàbí táyà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méje. Ìyá àgbà ní kí wọ́n gbé àga àwọn sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, kí àwọn lè máa ṣọ́ ọ nítorí ewúrẹ́.